Ẹ̀rù Ọwọ́ Òsì Kò Jẹ́ Kí Ìyá Àgbà Jáde: Bí A Ṣe Gbé Wọn Lọ Ṣe Fàájì L'Àgbádárìgì

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀ ná, ká sì fi àwọn òṣèré tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ lójú ayé sínú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ ilé tiwa ni mo fẹ́ sọ. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa sọ pé, "Háà, bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn." Torí ká má purọ́, ilé mélòó ló kù l'Ékòó yìí tí sítróòkù ò tíì kan ẹnì kan níbẹ̀? Bí kì í bá ṣe bàbá, á jẹ́ ìyá. Bí kì í bá ṣe ìyá, á jẹ́ bọ̀dá tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ ni wọ́n tà jẹun, ọjà Balógun ni wọ́n sì ti tà á. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ ọ̀tún ra aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ti mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí èyí tó máa ṣí lójú omi. Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ wé gèlè, ọwọ́ ọ̀tún ò gbé sókè mọ́. Wọ́n fẹ́ pe ìyá mi, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí a tó ṣẹ́jú, ilé ti kún. Ẹnì kan ní ká da omi tútù lé wọn lórí. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ayé ni, ká gbé wọn lọ bá wòlíì. Ìyá mi ló pariwo pé ọsibítù ni òun ń lọ, ẹni tó bá fẹ́ kó máa bá wòlíì lọ.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Sítróòkù kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé apá ibì kan nínú ọpọlọ ni kò débẹ̀ mọ́, bóyá nǹkan dí iṣan tó ń gbé e lọ ni o, tàbí iṣan náà ló bẹ́. Òògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fún èèyàn láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣan ò bẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yà nílé wòlíì, aago ti lù fún un. Tí ẹ bá rí i tí ẹnu èèyàn wọ́, tí ọwọ́ kan kọ̀ tí kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń lọ́ bíi tẹni tó mutí yó, ẹ má bi í pé kí ló jẹ lánàá. Ẹ gbé e, ó di ọsibítù.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé o! Ìgbà tí orí bá ń fọ́ Ìyá Àgbà ni wọ́n ń lò ó. Tí orí bá ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ní ara ti yá, wọ́n á wá tọ́jú èyí tó kù sínú àpótí bí ẹni tó ń tọ́jú owó ọjà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Fásitì Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú wọn, ṣe ìwádìí ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2018. Àwọn tí sítróòkù kọ lù tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n sì kó iye kan náà tí kò kọ lù tì wọ́n láti fi wọ́n wéra. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba ipò kìíní nínú ohun tí wọ́n bá nídìí ẹ̀. Ẹran àjẹjù, àìjẹ ẹ̀fọ́, iyọ̀ tí èèyàn ń bù sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀ lórí tábìlì, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ wò ó, ìlú ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni wá, ẹ̀fọ́ ni a ò sì jẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni onífísíò tó ń wá na ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé pálọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń padà ní kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé wọn ò lè sọ pé "ẹ fún mi lómi", ṣùgbọ́n tí a bá dá orin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bá wa kọ ọ́ dópin, ọ̀rọ̀ kan ò ní já. Onífísíò ní kì í ṣe àdììtú, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí apá ọ̀tún wọn bá kọṣẹ́, pé ibi tí orin ń gbà jáde nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ lásán ń gbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi orin bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò jí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti ọsibítù, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ò kọjá géètì. Wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò lọ òde ìnáwó. Tí àlejò bá dé, wọ́n á ní ká ti ilẹ̀kùn yàrá. A rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n ni. A tún rò pé àga onítáyà tí a rà fún wọn ló ń tì wọ́n lójú. Àfi ìgbà tí ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tí kì í mọ ohun tí wọn kì í bi àgbà, lọ dúró síwájú wọn, ó ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ò kì í jáde?" Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Eléyìí… ni n ó fi… kí èèyàn?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nílé Ìyá Àgbà, ìgbátí ló máa fi kọ́kọ́ gbà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Obìnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ọmọ lọ́nà tó tọ́, òun ni ọwọ́ òsì wá kù fún láti jẹun, láti sanwó, láti súre. Àìsàn tó wà lára wọn, dókítà rí i. Èyí tó ń dùn wọ́n jù, ọmọ ọdún mẹ́fà ló bá wa wá a rí.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìsinmi ti wọlé. Àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Mọ́mì Houston, ti ṣèlérí tipẹ́ pé àwọn máa mú Ìyá Àgbà lọ sí Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n ṣí ní 1971 lẹ́bàá Orlando ní Florida. Nígbà tí àìsàn dé, wọ́n ní ìlérí ò yẹ̀. Wọ́n ní àga onítáyà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yá èèyàn, pé gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó dé Orlando ńkọ́? Físà ńkọ́? Ìjókòó nínú bàálù fún wákàtí tó lé ní mẹ́wàá, tí ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ẹsẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mira ńkọ́? Bí ara ò bá wá yá lọ́hùn-ún, tí bílì ọsibítù Amẹ́ríkà dé, ṣé ilé la máa tà ni àbí ilẹ̀?

La bá ṣe ìpàdé ẹbí lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Dádì Ìkòròdú, gbaná jẹ. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá mi sinmi! Aláìsàn wo ló ń ṣe fàájì? Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lójú ọ̀nà, ẹnu ta ni ayé máa fi jẹun? Tèmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni!" Àbúrò mi ọkùnrin ní tí kò bá ti lè jẹ́ Orlando, ká gbé wọn lọ sí Hi-Impact Planet ní Ìbàfò, ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé èèyàn yípo lójú ọ̀run. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tí òòyì ń kọ́ lórí ìjókòó lásán, orí ẹ̀rọ olóòyì lo fẹ́ gbé e gùn?" Ariwo sọ. Ojú tí mo fi máa wo ẹ̀gbẹ́ kan, Ìyá Àgbà rèé lórí àga, wọ́n ń wo ẹnu wa láti ọ̀kan dé èkejì. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ni ara!

Ìyá mi ló bi wọ́n pé, "Màmá, níbo lẹ fẹ́?" Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. "Òkun," ni wọ́n wí. Ó tún pẹ́. "Àgbá… dárìgì." Ìgbà yẹn ni ìyá mi rántí pé, nígbà tí Ìyá Àgbà wà lọ́mọge, ìyá tiwọn máa ń mú wọn ná ọjà Àgbádárìgì, wọ́n á sì ru àgbọn bọ̀. Bí Dádì Ìkòròdú ṣe gbọ́ ohùn ìyá wọn báyìí, ńṣe ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí dókítà fọwọ́ sí i."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọgbà ìgbafẹ́ irú ti Orlando yẹn, díẹ̀ ló kù kí Àgbádárìgì ní tiẹ̀. Ní 2009, àwọn kan gbé ètò ńlá kan jáde, owó ẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Marlon Jackson, ẹ̀gbọ́n Michael Jackson tí wọ́n jọ kọrin nínú Jackson 5, wà lẹ́yìn ètò náà gbágbágbá. Wọ́n ní ibi ìrántí àwọn ẹrú máa wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi irú èyí tí wọ́n fi kó wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jackson 5, òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, pápá gọ́ọ̀fù àti ilé tẹ́tẹ́. Ariwo ta káàkiri ayé nígbà náà. Àwọn kan ní iṣẹ́ máa wà fún ọmọ Àgbádárìgì, àwọn mìíràn ní báwo ni èèyàn ṣe máa ta tẹ́tẹ́ níbi tí wọ́n ti de ènìyàn ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí láti wá mùsíọ̀mù Jackson 5, àgbọn ló máa rà bọ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn náà fún Ìyá Àgbà, wọ́n mirí, wọ́n ní, "Ẹkún… ni wọ́n fẹ́… jó sí."

A wá bẹ̀rẹ̀ ètò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ dókítà la kọ́kọ́ lọ, a ò gbé aláìsàn sínú mọ́tò lásán. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Wọ́n ní ká di òògùn sí ọ̀nà méjì, ìdajì nínú báàgì Ìyá Àgbà, ìdajì lọ́wọ́ ìyá mi, kí ìkan má baà sọnù kí wàhálà dé. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo òògùn náà sínú ìwé kan fún wa, bí ó bá di pé a ní láti sáré dé ọsibítù ìjọba tó wà l'Àgbádárìgì. Mo tún béèrè ọ̀rọ̀ omi àgbọn, torí mo mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá lọ. Dókítà yẹ òògùn wọn wò kí wọ́n tó dáhùn, nítorí àwọn kan wà nínú òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í fẹ́ kí pòtáṣíọ̀mù pọ̀ lára, pòtáṣíọ̀mù sì kún inú omi àgbọn. Wọ́n ní tiwọn ò léwu, àmọ́ kó má ju díẹ̀ lọ, kí wọ́n jókòó gbọnrangandan kí wọ́n tó mu ún, kí wọ́n máa fà á díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí sítróòkù mú lè má tíì le tán, omi lè gba ọ̀nà òdì.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ilé ìgbafẹ́ pọ̀ l'Àgbádárìgì àti agbègbè ẹ̀, láti Whispering Palms tó wà létí ọ̀sà n'Íwòrò-Àjídò dé àwọn tó wà létí òkun. Èyí tí mo kọ́kọ́ pè, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Rárá o, kò sí àtẹ̀gùn rárá." Orí mi ní kí n lọ wò ó fúnra mi ní ọjọ́ Sátidé. Àtẹ̀gùn márùn-ún ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà! Mo bi í, ó ní, "Ẹ̀yin náà, márùn-ún yìí la fẹ́ pè ní àtẹ̀gùn?" Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le kì í ka àtẹ̀gùn.

Nítorí náà, ẹ má béèrè bóyá ibẹ̀ "dáa fún àgbàlagbà". Wọ́n á ní ó dáa. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ní kí wọ́n wọn bí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ sì fi wé àga onítáyà yín, torí ọ̀pọ̀ yàrá ni àga máa wọ̀ tí kò ní lè wọ balùwẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ohun tí èèyàn lè dì mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, torí òkùnkùn ni ọ̀tá ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Òfin sì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ojúure. Ìjọba Èkó ṣe òfin tiwọn fún àwọn ẹni àkàndá ní 2011. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀, òfin náà sì fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí àga onítáyà lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní January 2024. Símẹ́ǹtì àti iyanrìn díẹ̀ ni, kì í ṣe bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la yàn, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni èrò máa ń ya lọ sétí òkun. A ti kúrò nílé kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Ẹ mọ ọ̀nà Àgbádárìgì yẹn. Ìgbà tí Fáṣọlá wà ní gómìnà, ní 2009, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́wàá, ẹni tó ń gbà á mọ ibi tí nǹkan dé. A fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Àgbà kó má baà máa fì. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a máa ń dúró, wọ́n á na ẹsẹ̀. Wọ́n wọ pámpásì àgbà sábẹ́ ìró, àwọn gan-an ló ní ká ra á, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sáré wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri nítorí àwọn. Àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà ibodè náà ò kéré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan iná wo ẹ̀yìn, tí wọ́n rí Ìyá Àgbà pẹ̀lú gèlè wọn, wọ́n á ní, "Ẹ máa lọ, Màmá, ẹ kú ìrìn."

A ò lè dé ibi gbogbo. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ìta la ti wò ó, torí àtẹ̀gùn ẹ̀ kì í ṣe ti ẹsẹ̀ wọn. Èmi ni mo wọlé tí mo ya fọ́tò bọ̀ wá fi hàn wọ́n. A dé ibi ìrántí igi Àgíà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere nílẹ̀ wa ní 1842, igi tó ṣubú ní 1959. Ìyá Àgbà bọ́ gíláàsì ojú wọn níbẹ̀, wọ́n dá orin fúnra wọn. A dé ilé Séríkí Williams Abass pẹ̀lú, níbi tí ogójì yàrá tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ wà nígbà kan. Wọ́n wo ibẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ibi tó kù ni Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí wọ́n ń pè ní ojú ọ̀nà àrèmabọ̀. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa fi la ọ̀sà kọjá, lẹ́yìn náà á fi ẹsẹ̀ rin yanrìn jìnnà díẹ̀ kó tó dé etí òkun. Àbúrò mi ní òun máa pọ̀n wọ́n sẹ́yìn. Mo rí i pé ó wu òun gan-an ju bó ṣe wu Ìyá Àgbà lọ. Ẹ kíyè sí irú èyí, ẹ̀yin ọmọ olóòótọ́: nígbà mìíràn ìfẹ́ tiwa la ń pọ̀n kiri tá a ń pè é ní ìfẹ́ ìyá wa. Ìyá Àgbà wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń mì, wọ́n wo òdì kejì, wọ́n ní, "Àwọn tó… lọ… kò padà. Èmi… ń padà… sílé." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan ọ̀gbẹ́ni tó ni ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé wọn lọ sétí òkun mìíràn tí mọ́tò lè dé ìtòsí ẹ̀. Yanrìn tún di ẹjọ́. Bí ẹ bá ti àga onítáyà síwájú nínú yanrìn, táyà kékeré iwájú á rì, aláìsàn á sì fẹ́ dojú bolẹ̀. Ẹ yí àga náà sẹ́yìn, kí ẹ máa fà á, kó jẹ́ táyà ńlá ló máa ṣáájú. A tún yá pákó méjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ etí òkun, à ń tẹ́ ìkan, à ń yọ ìkan, títí a fi dé abẹ́ igi àgbọn kan níbi tí òjìji wà. A ò sún mọ́ omi rárá. Òkun tiwa níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rẹ́, ó máa ń fà, kì í sì í ṣe aláìsàn nìkan ló ń fà.

Obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń ta àgbọn wá bá wa. Mo ti ń mú owó jáde nígbà tí Ìyá Àgbà ké "Rárá!" Ọ̀rọ̀ yẹn jáde láìfọ́. Wọ́n fẹ́ ná an fúnra wọn! Obìnrin náà dá iye kan, Ìyá Àgbà na ìka mélòó kan sókè. Ó ní kò gbà, wọ́n pa ìka kan dé. Ó ní, "Ẹ̀yin Màmá yìí, ọlọ́jà ni yín!" Ẹ wá wo ẹ̀rín lẹ́nu tó wọ́ yẹn. Wọ́n ti owó bọ́ láti etí ìró, wọ́n nà án. Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ náà dúró sójú afẹ́fẹ́, kò lọ, kò bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Obìnrin náà sọ igbá àgbọn kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba owó náà. Ó ní, "Màmá, owó ni mo rí o, mi ò rí ọwọ́."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ẹkún, ẹkún náà ò fẹ́ dá. Àwọn èèyàn ń wò wá. Dókítà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ẹkún tàbí ẹ̀rín lè gba ẹni tí sítróòkù mú lọ́wọ́ ara ẹ̀ báyìí, pé ká má bẹ̀rù, ká má sì pariwo lé e lórí, pé á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. A jókòó tì wọ́n. Ó rọlẹ̀. Wọ́n mu omi àgbọn wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì wo òkun fún bíi wákàtí kan.

Kí n má tàn yín, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ balùwẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà yọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá mi tó dì wọ́n mú nídìí. Láti ìgbà yẹn, aṣọ ìnulẹ̀ tó nípọn kì í wọ́n nínú ẹrù wa. Báńtírì ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kú, mi ò sì mú òmíràn dání, àfi ìgbà tí mo sáré lọ ra á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a dé ilé, ọjọ́ méjì gbáko ni Ìyá Àgbà fi sùn. Ẹ ṣètò fún ìyẹn náà, ara aláìsàn kì í sanwó lójú ẹsẹ̀, àwìn ló ń rà.

Ohun kan wà tí n kò retí. Lóru ọjọ́ yẹn, èmi ni mo sùn ti Ìyá Àgbà, ìyá mi sì sùn ní yàrá kejì láti agogo mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, òun ò tíì sun irú oorun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń fi owó ránṣẹ́, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbé aláìsàn dìde lóru léèrè pé ìgbà wo ló sùn kẹ́yìn.

Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Àgbà ò tíì jí. Mi ò lè sọ fún yín pé òkun wò wọ́n sàn, òkun kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kejì tí a dé, wọ́n ní ká gbé àwọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí pásítọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sí wọn, wọ́n na ọwọ́ òsì sí i láìwolẹ̀. Ọmọ kan kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ òsì yẹn lé e lórí, wọ́n súre. Kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Dádì Ìkòròdú, tí wọ́n ní aláìsàn kì í ṣe fàájì, ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ìgbà tí a tún ń lọ. Wọ́n ní mọ́tò tàwọn la máa gbé.

Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tí irú àìsàn yìí ń ṣe nílé, kò dìgbà tí ẹ bá rówó Orlando. Ẹ wá àsìkò, ẹ bi dókítà, ẹ ka àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ara pé níbo ló fẹ́, kí ẹ sì ní sùúrù títí ọ̀rọ̀ á fi jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín o, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí.